Ìrírí mi: Bí mo ṣe fi sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ ya àwòrán inú ayé, àti fáìlì tí kò sọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀

Kí n má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: owó ló lé mi dé ìdí sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń san láísẹ́ǹsì ọdọọdún fún ètò kan tí mo fi ń ya àwòrán inú ilẹ̀ ayé, ìyẹn bí ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ ṣe ń yára tàbí ṣe ń falẹ̀ nínú àpáta tó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo ń sanwó náà, n kò ráhùn. Ìgbà tí àkókò ìsanwó tún wá pé ni mo rí i pé apá tí mo ń lò gan-an, èyí tó ń gé mantle (àpáta tó nípọn tó wà láàárín èèpo ilẹ̀ àti ọkàn ayé) ní ìpele-ìpele, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò lára ètò náà. Wọ́n ti sọ ọ́ di ọjà ọ̀tọ̀. Iye tí wọ́n bù lé e sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí mo ń san tẹ́lẹ̀ fún odindi ètò.

Ìyẹn nìkan ì bá ti tó láti bí èèyàn nínú. Ṣùgbọ́n ohun tó ká mi lára jù kì í ṣe owó. Iṣẹ́ mi wà lọ́wọ́ àwọn olùyẹ̀wò nígbà náà, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní kí n tún ṣe: kí n yí àwọ̀ àwòrán kan padà, torí pé àwọ̀ òṣùmàrè tí mo lò kì í jẹ́ kí ẹni tí ojú rẹ̀ kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewé rí nǹkan gidi dì mú. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àtúnṣe tí kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ sì ni. Mo tẹ fáìlì mi kó ṣí, ètò náà ní láísẹ́ǹsì mi ti parí. Mo ní kí n tilẹ̀ wò ó lásán, ó kọ̀. Fáìlì tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe, tí mo fi òru mi ṣe, mi ò lè rí inú rẹ̀! Bẹ́ẹ̀, irú fáìlì náà jẹ́ èyí tí kò sí ètò mìíràn láyé tó lè kà á. Wọ́n ti àwòrán mi mọ́lé, wọ́n wá ń ta kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún mi. Mo pinnu pé n kò ní rà á.

GMT (Generic Mapping Tools), ètò tí wọ́n fi ń ya máàpù, ni mo yà sí. Paul Wessel àti Walter Smith ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1988, nígbà tí àwọn méjèèjì ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ilé ìwádìí Lamont-Doherty ní Amẹ́ríkà, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù rẹ̀ sì wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ wo bó ṣe ń ṣe ìṣirò. Kò sí bọ́tìnì tí ẹ máa tẹ̀ níbẹ̀. Àṣẹ lẹ máa kọ, ìlà kan fún iṣẹ́ kan: ọ̀kan á kun àwọ̀, ọ̀kan á ya etíkun, ọ̀kan á fi òṣùwọ̀n àwọ̀ sísàlẹ̀. Ó kọ́kọ́ máa ń dẹ́rù ba èèyàn, ṣùgbọ́n òun gan-an lohun tí mo ń wá. Bí olùyẹ̀wò bá ní kí n yí àwọ̀ padà, ọ̀rọ̀ kan ni màá yí nínú fáìlì tí ẹnikẹ́ni lè ṣí, màá ní kó tún ṣiṣẹ́, ó parí.

Bí ẹ ṣe máa gbé e sórí kọ̀ǹpútà, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín, ó wà káàkiri. Nǹkan kan péré ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún: púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ máa rí ti gbó. Kí GMT 6 tó jáde ní 2019, ìlà kọ̀ọ̀kan ní láti gbé -K tàbí -O dání kí ètò lè mọ̀ bóyá àwòrán ṣì ń bọ̀ tàbí ó ń kun orí èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ gbàgbé ẹyọ kan, àwòrán bàjẹ́. Ní báyìí, gmt begin ni ẹ máa kọ ní ìbẹ̀rẹ̀, gmt end ní ìparí. Ọ̀nà àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò sí ìdí kankan tí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lónìí fi gbọ́dọ̀ jìyà rẹ̀.

Ó wá ku àwọn nọ́ńbà tí màá fi ya àwòrán náà. Ihò tí ọmọ ènìyàn gbẹ́ jìn jù nínú ilẹ̀ láti fi ṣèwádìí, èyí tí wọ́n gbẹ́ ní Kola ní Rọ́ṣíà, mítà 12,262 ló jìn. Láti ojú ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé sì jẹ́ kìlómítà 6,371. Kò sí ẹni tó débẹ̀. Ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ ló ń mú ìròyìn wá: níbi tí àpáta bá ti gbóná, ìgbì sábà máa ń falẹ̀, níbi tó bá ti tutù, á sáré. Àwọn onímọ̀ á fi ohun tí wọ́n wọ̀n wé mọ́dẹ̀lì kan tó dọ́gba yípo ayé, bíi PREM tí Dziewonski àti Anderson gbé jáde ní 1981, wọ́n á wá kọ ìyàtọ̀ sílẹ̀ fún ibì kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ yẹn là ń kun ní pupa àti búlúù.

Ẹgbẹ́ olùwádìí tó ṣe mọ́dẹ̀lì tí mo ń lò fi àwọn nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ nígbà tí mo béèrè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló máa ń dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́. Nọ́ńbà mẹ́ta lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, kò sí àkọlé, kò sí àlàyé, kò sí ìwé kankan tó tẹ̀ lé e. Ìlà àkọ́kọ́ kà báyìí: 89.5, lẹ́yìn náà 0.5, lẹ́yìn náà 0.0083. Ìlà 64,800 ló tò tẹ̀ lé ara wọn bẹ́ẹ̀ nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àwọn fáìlì náà sì jẹ́ nọ́ńbà lásán: 3571, 3671, 3771, títí dé 6271. Ibí yìí ni ìyà mi wà.

Àṣẹ tó ń sọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ di grid, ìyẹn àwọn onígun mẹ́rin kéékèèké tó bo gbogbo ayé, ni xyz2grd. Mo fún un ní -Rg fún gbogbo ayé àti -I1 fún dígírì kan sí ìkejì, mo jẹ́ kí grd2cpt fúnra rẹ̀ yan àwọ̀, mo sì ya á. Àwòrán tó jáde, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló ní àwọ̀, ìyókù ṣófo. Apá tó ní àwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní agbedeméjì ayé, ó lọ sókè dé òpin àríwá, wọ́n sì gé e gbọnrangandan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, bíi pé wọ́n fi rúlà gé e: dígírì 90 níhà ìwọ̀ oòrùn, dígírì 90 níhà ìlà oòrùn. Kò sí ìlà ààlà ilẹ̀ kan tó bá àwọ̀ náà mu. Mo tún un ṣe, ohun kan náà ló jáde. Mo gbé fáìlì mìíràn sí i, igun mẹ́rin yẹn kan náà ló tún yọjú.

Gígé tó gún régé yẹn ló là mí lójú níkẹyìn. Latitude, ìyẹn bí ibì kan ṣe jìnnà sí agbedeméjì ayé síhà àríwá tàbí gúúsù, ni kì í kọjá 90. Longitude, ìyẹn ti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn, máa ń lọ dé 360. GMT máa ń retí longitude ní òpó kìíní, ìyẹn nọ́ńbà tó kọ́kọ́ wá lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, latitude ní òpó kejì. Fáìlì yìí gbé latitude ṣáájú, kò sì sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà gbogbo ìlà tí òpó kejì rẹ̀ bá ti kọjá 90, GMT kà á sí ibi tí kò sí láyé, ó sì fò ó. Nígbà tí mo fi -V kún àṣẹ náà, ó sọ iye ìlà tó kà àti iye tó lò, ìdá kan nínú mẹ́rin ló lò. Ìdá mẹ́ta yòókù, iṣẹ́ àṣekára àwọn èèyàn, ló dànù bẹ́ẹ̀. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju àmì méjì lọ, ìyẹn -: tó ń sọ fún GMT pé kó pààrọ̀ òpó kìíní àti ìkejì. Àmì méjì!

Máàpù wá kún. Ó dùn mọ́ mi, mo sún un mọ́ra kí n lè gbádùn rẹ̀ dáadáa, ni mo bá rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ṣófo ní ọ̀kan nínú òpin ayé méjèèjì, ti àríwá àti ti gúúsù. Ẹlòmíràn á ní ìyẹn kò jẹ́ nǹkan kan, ta ló ń wo òpin ayé? Èmi ò lè fi í sílẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tó wà nínú fáìlì náà jẹ́ ti àárín onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan: 89.5, 88.5, 87.5. Ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá sọ nǹkan kan fún GMT, orí oríta ìlà ló ń gbé nọ́ńbà sí: 90, 89, 88. Ipele latitude 180 ni fáìlì ní, oríta tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ 181, ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣófo. Ìlà òfo yẹn kọ́ wá ni wàhálà náà. Wàhálà ni pé gbogbo nọ́ńbà tó kù ti sún ní ìdajì dígírì kúrò ní àyè wọn, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 55 ní agbedeméjì ayé. Ká ní òpin ayé kún ni, ǹ bá ti tẹ máàpù tó wọ́ jáde, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Ẹ fi -r sí i, gbogbo nọ́ńbà á bọ́ sí àárín onígun mẹ́rin tirẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọ̀ tún kọ̀. Mo fẹ́ kí òṣùwọ̀n àwọ̀ lọ láti ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún nísàlẹ̀ dé ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lókè, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é, mo kọ -T-3/3, gbogbo máàpù sì di àwọ̀ kan ṣoṣo. Èyí kò fi bẹ́ẹ̀ dá mi dúró: 0.0083 yẹn kì í ṣe ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá nínú odindi kan ni. Mo fi grdmath sọ ọ́ di ìlọ́po 100, mo sì ń bá tèmi lọ. Àmọ́ inú tún bí mi. Nǹkan mẹ́ta tó yẹ kéèyàn mọ̀ nípa fáìlì kan, fáìlì náà kò sọ ẹyọ kan.

Ẹ̀kẹrin ló le jù, òun sì ni mo fi ń yangàn. Kí ni 3571? Mo rò pé jíjìn ni, kìlómítà 3,571 sísàlẹ̀. Mo kọ̀wé sí wọn, èsì kò dé. Mo wá jókòó, mo rò ó. Mọ́dẹ̀lì ìgbì S ni èyí, ọ̀kan lára irú ìgbì ìmìtìtì ilẹ̀ méjì tó ń gba inú ayé kọjá; ìgbì P ni ìkejì. Ìgbì S kì í la ohun olómi kọjá. Láti nǹkan bíi kìlómítà 2,891 sísàlẹ̀ dé 5,150, core ìta, ìyẹn apá òde ọkàn ayé, ló wà níbẹ̀, irin yíyọ́ ni, olómi ni. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè wọn ìgbì S ní jíjìn 3,571, ìgbì náà kì í dé ibẹ̀. Nítorí náà kì í ṣe láti ojú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ka nọ́ńbà yẹn, láti àárín gbùngbùn ayé ni. Mo yọ 3,571 kúrò nínú 6,371, ó ku 2,800: ẹsẹ̀ mantle gan-an, díẹ̀ péré lókè core. Fáìlì tó ní nọ́ńbà kékeré jù ló jìn jù.

Mo ya 3571. Ó jáde pẹ̀lú agbègbè pupa ńlá méjì, ọ̀kan lábẹ́ Áfíríkà, ọ̀kan lábẹ́ òkun Pàsífíìkì, ní ibi tí gbogbo mọ́dẹ̀lì ayé ti máa ń fi wọ́n hàn. Ibi méjì tí ìgbì S ti ń falẹ̀ gidigidi nìyẹn, ó sì ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ wọ́n. Orí mi wú. Kì í ṣe torí pé mo rí ohun tuntun. Torí pé mo mọ̀ dájú pé òpó, oríta, àwọ̀ àti jíjìn ti bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èsì ẹgbẹ́ olùwádìí náà dé lẹ́yìn tí mo ti ya gbogbo ìpele tán: láti àárín ayé ni wọ́n ń kà lóòótọ́.

Iṣẹ́ tó kù yá. Mo lo àwọ̀ vik, ọ̀kan lára àwọn tí Fabio Crameri ṣètò kí ojú gbogbo èèyàn lè kà wọ́n, ó sì ti wà nínú GMT fúnra rẹ̀; -I ló ń yí i sódì kí pupa lè dúró fún ibi tí ìgbì ti ń falẹ̀. Fún àwòrán tó gé ayé wọnú, project á fa ìlà láti ibì kan dé ibòmíràn lórí ojú ayé, grdtrack á ka nọ́ńbà ìpele kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ìlà náà, -JP á sì tẹ̀ ẹ́ kọrodo bí ayé ṣe rí. Mo fa ìlà sí kìlómítà 410 àti 660, níbi tí àwọn òkúta mantle ti ń yí padà lábẹ́ ìwúwo tó wà lórí wọn. Ètò olówó mi kò jẹ́ kí n fa irú ìlà bẹ́ẹ̀ rí, àfi kí n gbé àwòrán lọ sínú ètò mìíràn kí n lọ fi ọwọ́ yà á. Nígbà tí èyí jáde, mo tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́.

Mo fẹ́ fi ipa ọ̀nà ìgbì sórí rẹ̀, mo sì lọ bá ObsPy, àkójọ irinṣẹ́ fún iṣẹ́ ìmìtìtì ilẹ̀ tí wọ́n fi èdè kọ̀ǹpútà Python kọ. TauP wà nínú rẹ̀: ẹ sọ jíjìn ìmìtìtì ilẹ̀ náà àti bí ẹ̀rọ ṣe jìnnà sí i tó, á sọ ìgbà tí ìgbì kọ̀ọ̀kan máa dé àti ibi tó gbà. Ẹ lè ní kó lo mọ́dẹ̀lì PREM, iasp91 tàbí ak135. Ẹ gbìyànjú dígírì 180, ìyẹn òdìkejì ayé gan-an, ẹ ó rí i pé ìgbì P ń la àárín gbùngbùn ayé já ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Kò fún mi ní ìṣòro kankan, n kò sì ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀ ju pé ó dára.

Ìgbà tí mo gbé máàpù náà lọ sí QGIS, ètò ọ̀fẹ́ mìíràn fún máàpù, kí n lè tò ó pọ̀ mọ́ ààlà àwọn àwo ilẹ̀, ìdajì ayé já bọ́ sí apá ọ̀tún, kọjá ibi tí máàpù yòókù parí sí. Longitude tèmi ń lọ láti 0 dé 360, tàwọn máàpù yòókù láti -180 dé 180. grdedit pẹ̀lú -S àti -R-180/180/-90/90 ló yí i padà, grdconvert ló sọ ọ́ di GeoTIFF, irú fáìlì àwòrán tí QGIS lè kà.

Àwọn kan á ní ẹ lọ gbé ASPECT tàbí SPECFEM3D. Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún èmi náà. Ètò ọ̀fẹ́ tó lágbára ni méjèèjì, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn yàtọ̀. ASPECT ń ṣírò bí mantle ṣe ń ṣàn láti ìgbà dé ìgbà, SPECFEM3D ń ṣírò bí ìgbì ṣe ń rìn nínú ilẹ̀. Méjèèjì lè fẹ́ kọ̀ǹpútà ńlá. Bó bá jẹ́ àwòrán mọ́dẹ̀lì tí ẹlòmíràn ti ṣe lẹ fẹ́ yà, ẹ má dé ibẹ̀ rárá.

Ká ní mo tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, kí n tó ya ohunkóhun, màá ṣe gmt info sí fáìlì, tó máa fi nọ́ńbà tó kéré jù àti tó pọ̀ jù hàn mí nínú òpó kọ̀ọ̀kan. Òpó tó bá dé 359.5 ni longitude, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn xyz2grd, màá ṣe grdinfo, yóò sọ bóyá orí oríta ni nọ́ńbà wà tàbí àárín onígun mẹ́rin. Màá kọ́kọ́ ya ìpele tí mo ti mọ bó ṣe yẹ kó rí. Èyí ṣe pàtàkì fún mi ju gbogbo ìyókù lọ.

Mo sì bẹ ẹ̀yin tó ń pín nọ́ńbà fún ayé, ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín ń jẹ́ kí irú wa rí nǹkan yà: ẹ kọ ìlà kan ṣoṣo sókè fáìlì, kí ẹ fi # bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. GMT máa ń fo ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú #, kò lè ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ kọ èyí tó jẹ́ latitude, èyí tó jẹ́ longitude, bóyá àárín onígun mẹ́rin ni, bóyá ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni, àti ibi tí ẹ ti ń ka jíjìn, láti ojú ilẹ̀ tàbí láti àárín ayé.